Kí Ló Mú Dàńdógó Lọ, Tí Agbádá Fi Kù?

Bí ẹ bá yà síbi ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé, agbádá tí ẹ máa bá níbẹ̀ kò ní lóǹkà. Ẹ wá dàńdógó, ẹ̀wù ńlá àwọn ọkùnrin àtijọ́, kan ṣoṣo láàárín wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí i. Ẹ wá ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀, ẹ wá gbárìyẹ̀, ẹ wá obìnrin tó ró kíjìpá tàbí tó so tòbí sábẹ́ ìró rẹ̀. Gbogbo wọn ni àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá wa lò, ọ̀kankan nínú wọn kò sì jẹ́ aṣọ àjòjì. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi wà lọ́rùn gbogbo ọkọ ìyàwó, tí àwọn yòókù di ohun tí à ń rí nínú eré orí ìtàgé?

Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọ̀làjú ló fà á. Wọ́n á ní òyìnbó dé, àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n láti wọ aṣọ baba wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè wa. Bó bá jẹ́ pé ọ̀làjú ló lé dàńdógó jáde, agbádá ìbá ti bá a lọ. Ẹ tún wò ó dáadáa: àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an wà lára àwọn tó gbé aṣọ ìbílẹ̀ lárugẹ jù. Ní 1894, oníwàásù Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó tí wọ́n ń pè ní David Brown Vincent pa orúkọ yẹn tì, ó di Mọ́jọlá Agbébí, ó sì bọ́ kóòtù òyìnbó sílẹ̀ fún aṣọ ilẹ̀ wa. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé dé England. Nígbà tó ń kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ ní àwọn ọdún 1940 láti tako owó orí, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ láàárín wọn. Agbẹjọ́rò tó gboyè ní Lọ́ńdọ̀nù ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, síbẹ̀ fìlà rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi dá a mọ̀ títí di òní.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àwọn èèyàn kì í sábà kórìíra aṣọ kan kó tó kú. Nǹkan kan ló máa ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: òwú tí wọ́n fi ń hun ún, ọwọ́ tó ń ṣe é, iṣẹ́ tó ń bá ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe, tàbí òde tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ. Aṣọ á ti máa kú lọ, ìfẹ́ rẹ̀ á ṣì wà lọ́kàn àwọn èèyàn.

Ohun tí dàńdógó ń bèèrè

Dàńdógó jẹ́ ẹ̀wù ńlá tó gùn, tó wúwo, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ gan-an, nítorí pé wọ́n máa ń fi ègé aṣọ onígun mẹ́ta kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè ṣí. Gbárìyẹ̀ jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kéré sí i. Bí ẹni tó wọ gbárìyẹ̀ bá ń jó, tó sì pòyì, ìsàlẹ̀ ẹ̀wù náà á tẹ́ rẹrẹ yí i ká. Aṣọ òkè ni wọ́n fi ń dá àwọn méjèèjì. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ló sì ń ti orí òfì jáde. Wọ́n á wá máa rán àwọn ọ̀já náà mọ́ ara wọn títí yóò fi di aṣọ. Ẹ fojú inú wo iye ọ̀já tí ẹ̀wù tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gbà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán nínú òwe: dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá. Ọkùnrin kan kò lè torí ìbínú òwúrọ̀ yìí kí ó fi dá dàńdógó nírọ̀lẹ́. Ó ní láti tọ́jú owó, kó fún ahunṣọ níṣẹ́, kó dúró dè é, kó tún sanwó fún ẹni tó máa rán an àti ẹni tó máa fi abẹ́rẹ́ dárà sí i.

Agbádá kò le tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ gbọọrọ ni wọ́n ṣẹ́ po, tí wọ́n yọ ọrùn sí, tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ láìrán tán, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ ọnà sí àyà rẹ̀. Ẹ̀wù tí ọ̀nà ìgé rẹ̀ rọrùn báyìí kò yan aṣọ. Aṣọ òkè gbà á, àrán gbà á, dámáàsìkì gbà á, gínnì gbà á, léèsì gbà á, ańkárá pàápàá gbà á. Nígbà tí aṣọ ilé iṣẹ́ tó fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti òkè òkun, tó sì ń jáde lẹ́yìn náà láti àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná, Kánò àti Èkó, agbádá kàn gbé aṣọ tuntun wọ̀ ni. Dàńdógó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwúwo aṣọ òkè ló ń mú kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá fi léèsì dá a, gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn á rọ wálẹ̀ bí aṣọ tí òjò pa. Ọ̀nà ìgé dàńdógó àti aṣọ òkè ti so mọ́ ara wọn débi pé nígbà tí aṣọ òkè kúrò ní aṣọ ojoojúmọ́ àwọn olówó, dàńdógó kò rí ibòmíràn sá sí.

Kẹ̀ǹbẹ̀ náà nìyẹn. Ṣòkòtò tó fẹ̀, tí ìtan rẹ̀ gba aṣọ púpọ̀, tí kò sì gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó ń gun ẹṣin, nítorí pé ó ní àyè láti ya ẹsẹ̀ láìfà ya. Ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dìde lóko. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹ wọ bàtà aláwọ àti ìbọ̀sẹ̀ sí i, kí ẹ jókòó sórí àga tóóró fún wákàtí mẹ́jọ. Ṣóóró, tó gùn tó sì mọ ẹsẹ̀, ló bá bàtà àti àga yẹn mu. Ṣóóró kì í ṣe ṣòkòtò òyìnbó, ó ti wà nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú kẹ̀ǹbẹ̀ tipẹ́. Ìgbé ayé tuntun ló kàn gbè sẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Òwú ló kọ́kọ́ já

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ òwú, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀pọ̀ àlàyé tí a máa ń gbọ́ kì í dé.

Ẹ mú sányán, ọ̀kan lára àwọn aṣọ òkè tó níyì jù. Kòkòrò kan wà nínú igbó tó máa ń kọ́ ilé onísílíìkì sára igi, tí ọ̀pọ̀ wọn á jọ wà nínú ilé kan ṣoṣo. Ilé yìí ni wọ́n máa ń ká bọ̀ wá láti inú igbó, wọ́n á fi omi eérú sè é kó lè rọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ya á, wọ́n á fọwọ́ ran án di òwú. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti aró, bí ó ṣe wà lára kòkòrò náà ni: ó pọ́n díẹ̀, ó sì rí bí àwọ̀ iyanrìn. Igbó tí wọ́n ti ń ká a ti di oko kòkó àti ilé. Àwọn tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sè é tí wọ́n sì ń ran án ti dàgbà, àwọn ọmọ wọn sì rí iṣẹ́ tó ń yára mówó wọlé jù ú lọ. Bí ẹ bá ra sányán lọ́jà lónìí, òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n pa ní àwọ̀ náà ni ẹ máa sábà rà. Àwọ̀ ló kù.

Ọ̀nà tí àlàárì gbà lọ yàtọ̀. Sílíìkì pupa tí wọ́n fi ń hun ún kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Láti Tripoli ní Libya ló ti ń gba orí ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá wá sí Kánò, kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó dé Kánò ní nǹkan bí 1912, ẹrù yí ojú padà sí etíkun, ọjà ràkúnmí sì rọ. Ẹni tó wọ àlàárì ní Ọ̀yọ́ kò mọ̀ pé irin tí wọ́n ń tẹ́ lọ sí Kánò kàn án rárá, ṣùgbọ́n aṣọ ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Òwú pupa mìíràn gba ipò sílíìkì yẹn. Wọ́n sì ń pè é ní àlàárì síbẹ̀.

Kíjìpá ló dùn mí jù, nítorí pé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ló ń hun ún nínú ilé, lórí òfì tó dúró gbè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láàárín iṣẹ́ ilé àti ọmọ títọ́. Aṣọ tó nípọn ni, kò tètè gbó, ó ṣeé wọ̀ lọ sóko, ó ṣeé fi bora nígbà ọyẹ́, ó ṣeé fi pọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé e ró: òwú tí wọ́n fọwọ́ ran pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìrànwú. Ríran òwú gba àkókò ju híhun lọ, àwọn bíi mélòó kan ló gbọ́dọ̀ máa rànwú kí ẹnì kan ṣoṣo lè ríṣẹ́ hun. Ta ló ń ran án? Àwọn ìyá àgbà àti àwọn ọmọdébìnrin tó wà nílé, tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún. Nígbà tó di 1955 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdébìnrin wọ̀nyẹn gbé síléètì, wọ́n lọ. Inú mi dùn pé wọ́n lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ tó ń ran òwú kíjìpá ló jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, owó tí wọ́n ń ta kíjìpá kò sì tó láti fi gba ọwọ́ mìíràn.

Ohun kan tún ṣe kíjìpá tí kò ṣe aṣọ òkè. Àwọn àgbà ní òfì, ìyẹn aṣọ òkè, laṣọ àgbà. Àgbà tí kò bá ní òfì, a rọ́jú ra kíjìpá. Aṣọ ìṣiṣẹ́ ni, aṣọ ìrọ́jú ni. Nígbà tí aṣọ títẹ̀ tó pọ́ọ́kú àti òkìríkà wọ ọjà, wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí òde àríyá tó máa gbà á mọ́ra. Aṣọ òkè pàdánù ojoojúmọ́, ó sì rí ìgbéyàwó, oyè àti òkú àgbà dì mú. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń wo aṣọ èyíkéyìí: èyí tó wà fún iṣẹ́ nìkan ni yóò kọ́kọ́ kú, nítorí pé iṣẹ́ kì í ṣàánú aṣọ. Èyí tó wà fún ọjọ́ ńlá lè pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí ohun gbogbo tó yí i ká ti lọ.

Nígbà míì, àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ló máa ń ṣe aṣọ wọn léṣe. Àdìrẹ Abẹ́òkúta lókìkí gan-an ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti ìlú míì nílẹ̀ Adúláwọ̀ máa ń wá rà á. Bí ọjà ṣe ń pọ̀, àwọn aláró kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró ilé iṣẹ́ àti kọ́sítíìkì sódà dípò ẹ̀lú àti eérú, kí iṣẹ́ lè yá. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ á ba aṣọ jẹ́: àwọ̀ á ṣí, aṣọ á sì tètè gbó. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì gbé òfin dìde láti dá a dúró, àwọn aláró kan sì fárígá, títí ìjọba amúnisìn fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Owó ń wọ́n lákòókò yẹn lágbàáyé náà, n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru kọ́sítíìkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra àdìrẹ kan tó ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ kó tó tún dán an wò.

Iṣẹ́ tí aṣọ ń ṣe fún ẹni tó wọ̀ ọ́

Tòbí ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ fún èyí. Aṣọ kúkúrú tí obìnrin máa ń fi okùn so mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró ni, wọ́n sì máa ń tọ́jú owó sínú rẹ̀. Ó bo ìhòòhò, ó tún jẹ́ àpò. Lẹ́yìn náà ni pátá àti yẹ̀rì ilé iṣẹ́ dé, wọ́n gba iṣẹ́ kìíní. Báàgì àti pọ́ọ̀sì dé, wọ́n gba èkejì. Kò sẹ́ni tó kéde pé tòbí ti kọjá ìgbà. Kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe ni. Láwọn ọjà wa títí di òní, ẹ ṣì lè rí ìyá tó so àpò owó mọ́ ìbàdí, èyí tí wọ́n fi aṣọ lásán rán, tó ní síípù. Iṣẹ́ náà kò kú.

Abetí ajá, fìlà tó ní etí méjì, lè bo etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà ọyẹ́ fún ẹni tó wà lóko tàbí lórí ẹṣin. Nínú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀, etí kò nílò ìbòrí. Irú ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí àkẹtẹ̀ àwọn ọkùnrin ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé Ààrẹ John Kennedy ló pa àkẹtẹ̀ nítorí pé kò dé e lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un ní January 1961. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dé àkẹtẹ̀ gíga dúdú lọ síbẹ̀, ó kàn ṣí i kúrò lórí nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ṣáájú ọjọ́ yẹn ni àkẹtẹ̀ ti ń dínkù, bí ọkọ̀ ti ń pọ̀, tí òrùlé ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀, tí àwọn èèyàn kò sì fẹsẹ̀ rìn nínú òjò àti òtútù bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo mú un wá nítorí pé àwa náà fẹ́ràn irú àlàyé bẹ́ẹ̀: a máa ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí a máa dá lẹ́bi fún ohun tí òpópónà àti mọ́tò ṣe.

Ó yẹ kí a wo ìró pẹ̀lú ojú yìí. Ìró ṣì wà lóde àríyá, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló ń ró o lọ síbi iṣẹ́? Ẹ gbìyànjú láti ró ìró kí ẹ sì fẹsẹ̀ sọdá ẹ̀yìn ọ̀kadà, tàbí kí ẹ sáré fo wọ dáńfó tí kò dúró dáadáa. Ìró tí wọ́n kàn ká mọ́ ìbàdí nílò ìrìn pẹ̀lẹ́, ó nílò ibi tí obìnrin lè yà sí kó tún un ró. Nínú ilé, bùbù gba ipò rẹ̀, nítorí pé bùbù kì í tú. Lóde àríyá, ìró olókùn tí télọ̀ ti rán sílẹ̀ ń gba ipò èyí tí wọ́n ń ká. Ọ̀nà ìwọ̀ rẹ̀ ti yí padà ká tó fura.

Nígbà tí aṣọ di ti ọjọ́ kan

Ohun tó ń mú kí aṣọ tètè kúrò lóde báyìí yàtọ̀ sí ohun tó mú dàńdógó lọ. Láyé àtijọ́, iyì aṣọ wà nínú pípẹ́ rẹ̀. Ẹtù baba, ìyẹn aṣọ òkè aláró, lè kan ọmọ, ó lè kan ọmọ ọmọ. Ẹni tó wọ aṣọ kan náà síbi àríyá mẹ́wàá kò tẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ aṣọ tó dára. Aṣọ ẹbí yí èyí padà. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ dára: kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ fi aṣọ kan náà hàn pé ara kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bó ti ń tàn kálẹ̀ láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, ó so aṣọ mọ́ ọjọ́. Aṣọ tí wọ́n fi sin ìyá lágbájá, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ìsìnkú yẹn. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ lọ síbòmíràn, ẹ máa gbọ́ pé, "Ṣé aṣọ ìyá lágbájá kọ́ nìyẹn?"

Léèsì ló bá èyí rìn. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Lustenau, ìlú kan ní agbègbè Vorarlberg ní Austria, àti àwọn tó wà ní agbègbè St. Gallen ní Switzerland, ti ń ṣe léèsì tó jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń ya àwòrán rẹ̀. Owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, owó oṣù Údójì, ìyẹn àfikún tí ìjọba ṣe sí owó àwọn òṣìṣẹ́, tẹ̀ lé e ní 1975, léèsì sì di ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba náà lè rà. Àwọn oníléèsì mọ̀ pé oníbàárà wọn kò fẹ́ èyí tí aládùúgbò ti wọ̀, nítorí náà wọ́n ń pààrọ̀ àwòrán lemọ́lemọ́. Ìgbà kan ihò ló lòde, ìgbà kan òdòdó ńlá, ìgbà kan òkúta wẹ́wẹ́ tó ń tàn. Léèsì ti ìgbà kan á ṣì lágbára, á ṣì mọ́, kò ní ní àbùkù kankan, ẹni tó ni ín á sì gbé e sínú àpótí nítorí pé gbogbo èèyàn lè kà á lójú pé ọdún báyìí ni wọ́n rà á.

Dàńṣíkí fi ọ̀nà mìíràn hàn tí aṣọ lè gbà lọ. Níbí, ẹ̀wù lásán ni, kò wúwo, ọkùnrin lè wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn Aláwọ̀dúdú ní Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn mú un, ó di ọ̀nà láti sọ láìlanu pé Áfíríkà ni orírun wọn, pé ojú kò sì tì wọ́n. Ìtumọ̀ yìí ló mú un lọ sókè, ìtumọ̀ yìí náà ló sì mú un wálẹ̀: nígbà tí àwọn ilé ìtajà ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní pọ́ọ́kú fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣoge, wíwọ̀ ọ́ kò tún sọ nǹkan kan pàtó mọ́. Èyí tó wá padà sọ́dọ̀ wa, tó ní àwòrán aláràbarà yí ọrùn ká, tí wọ́n ń tà káàkiri báyìí, àwòrán ilé iṣẹ́ Vlisco ti ilẹ̀ Netherlands ló ti wá, wọ́n yà á ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Bàbá àgbẹ̀ tó ń wọ dàńṣíkí kíjìpá lọ sóko kò ní dá a mọ̀.

Ṣé aṣọ tó ti lọ lè padà?

Ó lè padà, ṣùgbọ́n ohun tó bá padà kì í ṣe èyí tó lọ gan-an. Olékù jẹ́ àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ wa rí pẹ̀lú ojú. Ìró àti bùbá kúkúrú tó mọ lórúnkún, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń wọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960 wọ àwọn ọdún 1970, nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì pénpé gbòde káàkiri ayé. Ó ti kúrò lóde tipẹ́ kí Túndé Kèlání tó ṣe fíìmù Ó Le Kú ní 1997 látinú ìtàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó sì wọ àwọn òṣèré rẹ̀ láṣọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láyé ìgbà yẹn. Láìpẹ́, àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò tíì bí nígbà àkọ́kọ́ ń bẹ télọ̀ pé kó bá wọn rán an. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé kò bèèrè ohun tó ti parẹ́. Ańkárá wà, télọ̀ wà, òde wà. Ẹ fi wé sányán gidi: bí ẹgbàá èèyàn bá ń fẹ́ ẹ lọ́la, ta ló máa lọ ká ilé kòkòrò náà?

Owó pẹ̀lú lè mú aṣọ padà. Nígbà tí ìjọba Bàbáńgídá gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, léèsì òkè òkun wọ́n gógó. Aṣọ òkè, tí ọ̀pọ̀ ti ń kà sí ti àwọn arúgbó, wá rí àyè láti gbérí. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn àti Ìlọrin sì mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n lo òwú tó fúyẹ́, wọ́n fi òwú tó ń dán sí i, wọ́n mú kó ṣeé wé ní gèlè láìdá ọrùn ró. Àwọn kan máa ń bínú pé èyí kì í ṣe aṣọ òkè tòótọ́ mọ́. Èmi kò bá wọn bínú. Aṣọ tó lè mú ara rẹ̀ fúyẹ́ ló ń rí ọmọ ogún ọdún wọ̀ ọ́.

Níbi tí aṣọ àtijọ́ ti ń pẹ́ jù láìyí padà ni ibi tí wọ́n ti ń sìn. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún àwọn ilé kan: lọ́dọọdún ni wọ́n ń rán aṣọ kún un, tí ẹ bá sì lè ka a bí ìwé, ẹ máa bá àrán, aṣọ òkè àti aṣọ títẹ̀ ti ìran mélòó kan nínú rẹ̀. Ní Bahia ní Brazil, àwọn obìnrin Candomblé, ìyẹn àwọn tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀, ṣì ń fi aṣọ tí wọ́n ń pè ní pano da costa kọ́ èjìká tàbí kí wọ́n fi gba àyà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó irú aṣọ híhun bẹ́ẹ̀ láti Èkó lọ síbẹ̀. Òrìṣà kì í tẹ̀ lé ohun tó lòde, ìdí nìyẹn tí aṣọ ìsìn fi ń dúró nígbà tí aṣọ ọjà ń sáré.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ kan tí ẹ fẹ́ràn lónìí ti ń lọ, ẹ má wulẹ̀ bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo wọn á ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n wọ̀ ọ́ kẹ́yìn láìsí ayẹyẹ kankan. Ẹ bi télọ̀ bóyá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n gé. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá òwú rẹ̀ ṣì ń wọlé. Lórí gèlè, fún àpẹẹrẹ, àwọn tó ń fi wíwé rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun ti pọ̀, gèlè tí wọ́n ti rán sílẹ̀ tí wọ́n kàn ń dé bíi fìlà sì ti gba ọjà. Gèlè kò tíì lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n ká mọ̀ ọ́n wé ti ń lọ.

Àwọn tó ṣì ní àpótí ìyá àgbà nílé, ẹ ṣí i. Bí ẹ bá bá aṣọ kan tó nípọn níbẹ̀, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo òwú rẹ̀: bó bá tóbi níbì kan tó sì tín-ín-rín níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ran án. Ẹ wo ojú ìrán rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ ni wọ́n rán pọ̀, òfì ọkùnrin ló ti jáde. Bó bá jẹ́ ègé méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ̀, kíjìpá ni, obìnrin kan ló hun ún. Ẹ má fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá níbi tí ooru ti mú. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà tó ṣì wà nínú ẹbí pé ta ló hun ún, ìlú wo ni, kí ni wọ́n fi ṣe, kí ẹ kọ ìdáhùn náà sórí ìwé, kí ẹ sì fi sínú àpótí pẹ̀lú aṣọ náà.